Ejò Inú Kọ̀ǹpútà Tìmílẹ́hìn

Ìpele,
Oṣù Keje, 2009.

Tìmílẹ́hìn ọmọ mi,

Ṣé o wà dáadáa ní Bìní níbẹ̀? Ara èmi le. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ojú tì ọ́ nídìí ìwé rẹ. Mo kí ọ nítorí pé ìkíni kò gbọdọ̀ kú láàrin ìyá àti ọmọ, kì í ṣe pé inú mi ti rọ̀ o.

Inú ń bí mi gan-an ni. Ó ti ń bí mi láti ọjọ́ tí mo ti yàrá rẹ ní Ekosodin dé. Èyímofẹ́ tí ẹ jọ ń gbé yàrá ló ṣílẹ̀kùn fún mi, ó ní o wà ní kíláàsì, ó fa ilẹ̀kùn dè, ó lọ ra omi tútù wá. Mo jókòó jẹ́jẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, mo rí ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú kọ̀ǹpútà rẹ tó ń lọ́ra rẹ̀ bí ejò. Mo wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, n kò rí ọwọ́ tó ń lọ́ ọ. Ó lọ́, ó lọ́, ó sì ká, ó wé mọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn! Ta ni yóò rí irú èyí nínú yàrá ọmọ rẹ̀ tí yóò máa wò ó níran? Mo ké pe Jésù, mo da omi àdúrà tí wòlíì fi rán mi sí ọ lé e lórí títí ó fi kú.

Nítorí ìyẹn lo ṣe jágbe mọ́ mi lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ nígbà tí o dé, tí ò ń fi Pijin bi mí pé ta ló ní kí n wá. O ní ìṣirò tí o fi oṣù kan ṣe ló sọnù. Ibo ló gbà jáde nígbà tí ilẹ̀kùn wà ní títì? O ní kì í ṣe ejò, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀pá gidi, nọ́ńbà lásán ni. Nọ́ńbà wo ló ń jùdí bẹ́ẹ̀?

Èyímofẹ́ tó sìn mí dé ibùdókọ̀ ló di wáyà kan mú ní ìkángun méjèèjì, ó lọ́ ọ, ó sún ọwọ́ mọ́ra, wáyà náà ṣàdédé ká. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wáyà tẹlifóònù tí wọ́n ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun ṣe ń ká tó fi ń já, pé ibi tí yóò ti ká lò ń wá kí wọ́n tó sọ ọ́ sómi. Ó dáa, mo gbọ́. Ṣé wáyà inú òkun ló bí ọ ni?

O ò tilẹ̀ bi mí ohun tí mo bá wá. Ojú ọ̀tún bàbá rẹ ti fọ́. Dókítà ní kí wọ́n tètè ṣiṣẹ́ abẹ kí tòsì má bàa tẹ̀lé e. Ẹ̀sọ̀ ni mo fẹ́ fi sọ ọ́, n kò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lórí fóònù. Bí mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà lọ ni mo gbé e bọ̀.

Wá owó iṣẹ́ abẹ ránṣẹ́. Bí kò bá sí owó, gbé ara rẹ wá. Gbogbo ọkọ̀ tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ni bàbá rẹ ń béèrè bóyá ìwọ ni. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o pẹ́ títí tí kò fi ní rí ojú rẹ mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ tí inú ṣì ń bí,
Mojísọ́lá.