Iná Abẹ́ Ìdodo

Àtìnì, 6 Oṣù Kẹwàá 1997. Hor Al Anz, Dubai.
Aláriwo mi — Sàká, ọkọ mi — ò pariwo mọ́. Oṣù méjì rèé tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, tó ṣubú nínú ṣọ́ọ̀bù tá a ti ń ra léèsì. Dókítà ní ó ti ń sàn. Òun ò gbà. Kì í mí kanlẹ̀, kì í fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ó ní bóun bá mí jù, nǹkan á já nínú òun.

Àlàrùba, 8.
Ìyá Bọ́tìnì bá Sàká lórí àtẹ̀gùn níbi tó ti di ògiri mú. Ará Ṣáínà ni — bọ́tìnì àti síìpù ló ń tà ní ọjà Deira, òkè wa ló ń gbé. Ó ní kí n mú un wá sórí dẹ́kìn òkè ilé lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Òun á kọ́ ọ ní qigong, ìdárayá èémí tiwọn, bí bàbá òun ṣe kọ́ òun.

Jímọ̀, 10.
A dúró, orúnkún rọ̀ díẹ̀, apá bí ẹni gbá ìkòkò mọ́ra. Ìyá Bọ́tìnì ní: "Àyà ni iná, kíndìnrín ni omi. Iná rẹ ń jó lókè, omi rẹ wà nísàlẹ̀. Ìkòkò wo ló ń hó bẹ́ẹ̀?" Ká fọkàn sí abẹ́ ìdodo, ibẹ̀ ni ààrò. Iná á sọ̀kalẹ̀, omi á gbóná, ooru rẹ̀ á gòkè — agbára ara á di èémí, èémí á di ìmọ́lẹ̀ inú.
Sàká bi í bóyá ẹ̀sìn ni.
"Ṣé ẹ̀sìn ni kéèyàn se omi?"
Sàká rẹ́rìn-ín! Díẹ̀. Ìyá Bọ́tìnì ní ká má fi oògùn dókítà sílẹ̀ o.

Àtàláátà, 14.
Sàká fipá mú èémí. Òòyì kọ́ ọ, mo gbá a mú. Ìyá Bọ́tìnì bínú: "Iná jẹ́jẹ́! Ta ló ń da igi jọ sábẹ́ ìkòkò tuntun?"

Àlàmísì, 16.
A lọ Sharjah wo léèsì. Ooru. Kò sí nǹkan míì.

Àtìnì, 20.
Ọwọ́ mi lábẹ́ ìdodo Sàká. Ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi búrẹ́dì àárọ̀. Lọ́sàn-án, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tì, ó sùn — ó fẹ̀yìn lélẹ̀! Èmi ò sùn. Mò ń ṣọ́ èémí rẹ̀.

Jímọ̀, 24.
Lórí dẹ́kìn lónìí, Ìyá Bọ́tìnì ò wo Sàká. Èmi ló ń wò. Ó fìka kan èjìká mi — ó le bíi pákó.
"Oṣù mélòó lo ti sé èémí mọ́nú?"
Mo ní èmi kọ́ ni ara mi ò yá.
Sàká yíjú sí mi. "Wosilat. Àtìgbà tí mo ṣubú?"
Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń fetí sí èémí tiẹ̀. Mi ò rántí pé mo ní tèmi.
Sàká wá sẹ́yìn mi, ó fọwọ́ méjèèjì bo abẹ́ ìdodo mi, níbi tí mo ti gbé oyún ọmọ mẹ́ta. "Má fipá mú un," ló ní. "Mo wà ńbí."
Mo mí. Ẹkún ló bá a jáde, ẹkún gidi. Ìyá Bọ́tìnì lọ ń ká aṣọ tó sá. Sàká ò ní kí n dákẹ́. Àyà rẹ̀ wà lẹ́yìn mi, ó ń bá mi mí.