Oríkì Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Ilé Olóògbé Abraham,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Ìṣẹ̀rí-Olófin.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹjọ, 1995.

Ilésanmí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí, mo kí ọ kú iṣẹ́ Olúwa, mo kí ọ kú àjò, mo sì kí ọ kú ìfaradà oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́. Bí o bá ń bèèrè mi, mo wà, ara mi le, orúnkún ọ̀tún nìkan ni kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́, bí mo bá ní ká dìde á ní ká ṣì jókòó ná. Ọlọ́run tó pè ọ́ síbi iṣẹ́ rẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní agbedeméjì ọ̀nà. O ò ní máa tún ilé ẹlòmíràn ṣe kí tìrẹ máa jò. Ibi tí o bá forí lé, orí á gbè ọ́ níbẹ̀. Mo ti bá ọ ṣe àmín rẹ̀.

Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan kú. Wọ́n ti kan páànù tuntun síbi tí òjò ti máa ń bá àwọn akọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n orin wọn kò tíì dára ju ti ìgbà tí wọ́n ń kọ ọ́ nínú òjò lọ. Àwọn àlejò ti kọ́lé yí wa ká débi pé bí mo bá jókòó síwájú ilé, nínú ogún ènìyàn tó bá kọjá, bóyá ẹnì kan ló máa kí mi, ẹni yẹn náà á sì fẹ́ béèrè ọ̀nà Ìdímù ni. Nímọ́tà ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ ṣe ìyàwó ní àdúgbò yìí, ọmọ rẹ̀ ti wá kó o lọ sí Ìkòtun lóṣù tó kọjá. Wọ́n ní Ìkòtun kò jìnnà. Òótọ́ ni, kò jìnnà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò sí lẹ́yìn ògiri ẹni mọ́ ti jìnnà. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá húkọ́ nínú yàrá mi, ilẹ̀ kò ní í mọ́ tán kó tó wá bi mí pé ṣé mo ti mu àgbo. Mo ṣì ń húkọ́ náà, kò kàn sí ẹni tó ń bi mí ni.

Tàjùdíìnì awakọ̀, tó máa ń kó ata láti Ìbàdàn wá sí ọjà wa, jíṣẹ́ rẹ fún mi. Mo rí rédíò tó ń gba ohùn sílẹ̀, mo rí kásẹ́ẹ̀tì kan, mo rí ìwé kan, mo sì rí lẹ́tà rẹ. Ìlà mẹ́fà ni lẹ́tà náà, mo kà á nígbà mẹ́rin kó lè gùn díẹ̀. O ní iṣẹ́ àṣekágbá ni wọ́n fún yín nílé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù, pé ẹ̀ ń wá bí ìhìnrere àti àṣà ìbílẹ̀ wa ṣe lè jókòó lórí ẹní kan náà, àti pé oríkì wà lára ìṣúra tí àwọn tó mú ìgbàgbọ́ wá kò jẹ́ kí a gbé wọlé. O ní kí n gbọ́ ìbéèrè inú kásẹ́ẹ̀tì, kí n dáhùn, kí n wá ki oríkì ilé baba rẹ àti ti ìwọ gan-an parí rẹ̀, kí Tàjùdíìnì sì dá a padà kí oṣù yìí tó parí. Mo yí ẹ̀yìn lẹ́tà náà wò bóyá ibẹ̀ lo kọ ọ́ sí pé o ń bọ̀ wálé, n kò rí i.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ sọ ti ìwé kejì yẹn, èyí tí o ní kí n fọwọ́ sí pé mo yọ̀ǹda. Ilésanmí, ṣé o ti gbàgbé ilé tí o ti jáde ni? Ìwé tí ẹ̀gbọ́n baba rẹ tẹ̀ka sí lọ́jọ́ kan péré ló gbé ilẹ̀ wa ọ̀nà Ìgàǹdó lọ, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe rí, ọ̀rọ̀ gbọọrọ lókè, àyè ìka nísàlẹ̀. Mo ti fi í sábẹ́ Bíbélì. N kò ní fọwọ́ sí i títí o ó fi ṣàlàyé fún mi apá ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ yín fẹ́ mú nínú ilé yìí, bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìnkùlé ni, kí wọ́n mọ̀ pé sàárè baba rẹ wà níbẹ̀. Wọ́n tún kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé kí n má kọ orúkọ mi, pé Olùdáhùn Kẹrìnlá ni mí. Mo ronú sí èyí títí. Mo mọ̀ pé èmi ni mo bí ọ, mo wá ń bi ara mi pé àwọn mẹ́tàlá wo ló ṣáájú mi.

Tàjùdíìnì fi ojú rédíò náà hàn mí, ó ní èyí tó dúdú ló ń mú ọ sọ̀rọ̀, èyí tó pupa ló ń gba ọ̀rọ̀ tèmi. A gbé e lé orí àga baba rẹ. Ohùn rẹ jáde lóòótọ́! Mo dìde láìmọ̀ pé mo dìde, orúnkún pàápàá kò bá mi jiyàn. O ní ẹ káàárọ̀ mà, o ní inú yín dùn pé mo gbà láti bá yín sọ̀rọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni, ṣùgbọ́n mo jẹ́ ẹ bí àárọ̀ nítorí n kò fẹ́ dójú tì ọ́ níwájú Tàjùdíìnì. Mo bi ọ́ bí ara rẹ ṣe rí, o bi mí ní ọjọ́ orí mi. Mo ní ṣé o ń jẹun, o ní ẹ̀sìn wo ni mò ń ṣe. Mo ní Ilésanmí, ìwọ tí mo gbé pọ̀n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìwọ lò ń bi mí ní ẹ̀sìn mi, kí n tó pa ẹnu dé o ti wà ní ìbéèrè kẹta, o ní kí ni àwọn òbí wa ń ṣe kí ìhìnrere tó dé. Mo ní wọ́n ń roko. Ìbéèrè kẹrin, o ní ṣé mo gbà pé Ọlọ́run wà láàárín àwọn baba ńlá wa kí òyìnbó tó mú Bíbélì wá. Mo ní ta lo rò pé ó ń rọ òjò sórí iṣu wọn? Èyí yẹn mo rò pé ó dára, mo dákẹ́ díẹ̀ kí o lè yìn mí, o ò tilẹ̀ ṣe hùn-ún. Tàjùdíìnì ló wá ń rẹ́rìn-ín pé Ìyá, ẹ kò tíì tẹ pupa, àti pé ọmọ yín kò sí nínú ibẹ̀. Mo mọ̀ pé o ò sí nínú ibẹ̀. Ẹni tó bá kí ni là ń jẹ́ ẹ, wọn kò kọ́ wa pé ká kọ́kọ́ wá a wò.

Ọ̀rọ̀ oríkì yìí ló wá gbé mi lọ́kàn. Ó ku nǹkan kan tí baba rẹ kò sọ fún ọ kó tó kú, jẹ́ kí n sọ ọ́. O wà ní ọmọ oṣù mẹ́ta. Láràárọ̀ tí mo bá ń wẹ̀ ọ́, mo máa ń kì ọ́ bí ìyá baba rẹ ṣe kọ́ mi, nítorí obìnrin ilé tí kò mọ oríkì ilé ọkọ rẹ̀, àlejò ni. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí a ti dárúkọ òrìṣà tí baba ńlá yín ń bọ létí odò. N kò bọ ọ́ o. Mo kàn máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá ni, bí èèyàn ṣe ń gba iwájú ilé onílé kọjá. Ẹnì kan gbọ́, ó lọ sọ fún Bàbá Akínbọ́lá, tó jẹ́ olùkọ́ ìjọ wa nígbà náà, ọkùnrin kan náà tó fi síléètì kọ́ àwa obìnrin ní ìwé kíkà títí mo fi lè kọ lẹ́tà tí ò ń kà yìí. Ó pè mí jáde níwájú ìjọ. Baba rẹ tó jẹ́ alàgbà wo ilẹ̀. Wọ́n dá mi dúró níbi Oúnjẹ Olúwa fún oṣù mẹ́ta gbáko, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pẹ̀lú rẹ lórí ẹsẹ̀ mi, búrẹ́dì ń kọjá, òórùn rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́.

Láti ọjọ́ náà n kò kì ọ́ mọ́. Mo ń wẹ̀ ọ́ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń fọ àwo. Ìwọ a máa wo ẹnu mi. O máa ń wò ó gan-an ni, bíi pé o mọ̀ pé nǹkan kan máa ń ti ibẹ̀ jáde tẹ́lẹ̀. Ọmọ mi, kí o lè jẹ́ ọmọ Ọlọ́run ni mo ṣe pa ẹnu mi mọ́, o wá di ọmọ Ọlọ́run tán, o ń kọ̀wé sí mi pé ìṣúra ni ohun tí mo gbé mì. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́, n kò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ dá lóhùn nínú méjèèjì. Nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yín yẹn, èwo ló máa dá oṣù mẹ́ta mi padà?

Inú bí mi, mo mú ọ̀pá, mo lọ bá Bàbá Akínbọ́lá nínú yàrá tí ìjọ fún un. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún kẹrin, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sí nítòsí. Mo ka lẹ́tà rẹ sí i létí, mo sì ka ibi ìṣúra yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ òun ni òun ṣe kọ́ wa, pé kí n má bínú. Ó wá béèrè pé ṣé mo mọ oríkì tòun. Ó ní láti ọjọ́ tí ìyá òun ti kú nílé wọn ní Iléṣà, kò sí ẹni tó tún kì òun mọ́. Ibo ni mo ti máa mọ̀ ọ́n? N kì í ṣe ìyàwó ilé wọn. Ó ní Àjàgbé ni ìyá òun máa ń pe òun. Mo ní Àjàgbé, ó dáhùn. Mo tún ní Àjàgbé, ó ṣí fìlà, ó dáhùn. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí kò sí èyí tí mo tún mọ̀. Ìjà ni mo bá lọ o, Ilésanmí, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo délé n kò lè jẹun.

Ọjọ́ kejì mo fọ ẹnu mi, mo wé gèlè, mo jókòó síwájú àga baba rẹ, mo yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ bí Tàjùdíìnì ṣe fi hàn mí, mo tẹ pupa. Mo ní Àlàní, ọmọ a-jí-tẹ-ìrì-kí-ẹyẹ-tó-ké, ọmọ a-lóko-létí-odò-má-fòùngbẹ-lé-àlejò. Ó kọ́kọ́ há, ohun tí a kò fi ẹnu kàn láti bí ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n nígbà tó yọ, ó ń ya bọ̀, mo ń sunkún, mo ń kì ọ́. Nígbà tí mo dé ibi òrìṣà etí odò, ẹnu mi pa ara rẹ̀ dé. Mo dá a dúró kí n lè gbọ́ ohun tó ti wọlé. Mo tún yí i padà, mo tẹ dúdú, mo ń retí kí o kọ́kọ́ sọ pé ẹ káàárọ̀ mà, kí tèmi tó tẹ̀lé e. Èmi ni mo gbọ́. Mo ti rò pé olúkúlùkù ló ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀ ni, àṣé ibi tí ẹnì kan bá wọ̀, ẹnì kejì á jáde. Mo ti fi oríkì rẹ pa ohùn rẹ rẹ́. Láti ẹ káàárọ̀ mà títí dé ibi tí mo ti ní wọ́n ń roko, kò sí mọ́, ìbéèrè kẹrin sí ìkẹsàn-án ló kù fún mi.

Tàjùdíìnì ní kí n má sunkún, pé kásẹ́ẹ̀tì òfìfo wà lọ́jà Ìkòtun, ká ra òmíràn kí n ki ìyókù síbẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ń tà á. Ṣùgbọ́n ìyókù yẹn kọ̀, kò jáde. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ nígbà mẹ́ta níwájú àga òfìfo yẹn. Ibẹ̀ ló yẹ kí n fọwọ́ kan orí rẹ, kí o dáhùn, kí n tó lè tẹ̀síwájú, rédíò kò sì ní orí.

Nítorí náà n kò dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà o. Sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n yín pé ìdajì oríkì Ilésanmí wà nínú rẹ̀, ìdajì tó kù wà lẹ́nu mi, ẹnu mi sì wà ní Ìṣẹ̀rí. Bí ó bá jẹ́ pé ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí o yege, èmi ni mo fà á, má wá ẹlòmíràn dá lẹ́bi. Kí Ọlọ́run tilẹ̀ foríjì mí, mo gbàdúrà fún odidi ọjọ́ kan pé kí o má yege, kí wọ́n lè dá ọ padà sílé. Mo ti tọrọ àforíjì. N kò tíì mọ̀ bóyá mo tọrọ rẹ̀ tọkàntọkàn.

Bí o bá ń bọ̀, má ra nǹkan kan dání, orí rẹ nìkan ni kí o gbé bọ̀. Bí o kò bá ní lè wá, fi owó bátìrì ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ Tàjùdíìnì, mẹ́rin ló ń gbé, kó o sì fi ti epo tí n ó máa fi pa orúnkún sí i. Bátìrì kì í pẹ́ lọ́wọ́ mi, nítorí lójoojúmọ́, bí mo bá ti jẹun tán, mo máa ń jẹ́ kí o bi mí ní mẹ́fà tó kù yẹn. Mo ti mọ ìgbà tí o máa mí sínú. N kì í dáhùn kíákíá mọ́, kó má baà tètè tán.

Àlàní mi, ojú ọ̀nà kò ní í mọ̀ ọ́ ní ibi. Ohun tí o ń wá nínú ìwé, ohun tí o ń wá lẹ́nu àgbà, o ó rí i kí ẹnu náà tó pa dé. Ọlọ́run tó gbọ́ mi nígbà tí mo ń kì ọ́, tó sì gbọ́ mi nígbà tí mo dákẹ́, kí ó mú ọ wálé nígbà tí mo ṣì lè dìde pàdé rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Agnes.