Omi Èèpo Ọ̀gánwó Tí Mo Ń Mu Fún Orúnkún Ìyá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Pẹ́ńsùlù tí mo fi ń fa ìlà sára pákó ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, nítorí náà bí o bá dé ibi tó dúdú jù, ọwọ́ káfíńtà ló tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé inú ń bí mi. Báwo ni ara? Báwo ni iṣẹ́ ilé ìwádìí òògùn yín? Ṣé àwọn ọ̀gá rẹ kò fi ojú rẹ rí màbo? Gbogbo òògùn tí o bá fọwọ́ kàn, á jẹ́. Gbogbo ìgò tí o bá gbé, kò ní fọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọ du ipò rẹ, oorun á gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Àmín. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Òrùlé kò jò. Aránṣọ tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé wa ti ra ẹ̀rọ tuntun, láti àárọ̀ ló ti máa ń ṣe kàrà-kàrà-kàrà, etí wa ti di ti ẹ̀rọ yẹn báyìí.

Lẹ́tà rẹ dé, ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. O ní bí ìyá rẹ kò bá tíì máa rìn kí oṣù yìí tó parí, wàá fi mọ́tò ránṣẹ́ láti gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, kí wọ́n la orúnkún rẹ̀ kí wọ́n wo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀bi mi ni pé mo kà á síta. O mọ̀ pé bí n kò bá gbọ́ ohùn ara mi, ìwé kì í yé mi. Ìyá rẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó bú sẹ́kún. Ó ní òun kì í ṣe àpótí tí ẹnikẹ́ni á ṣí kó máa yẹ inú rẹ̀ wò. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ obìnrin yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo rí omijé rẹ̀, ìyẹn ló ṣe ìkẹrin, ó sì dùn mí dé egungun.

Oṣù karùn-ún rèé tí orúnkún ọ̀tún yẹn ti wú, tí ìyá rẹ kì í kọjá bẹ́ẹ̀dì àti àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó ní kó máa dìde rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, pé orúnkún tí a kò bá lò, ńṣe ló máa ń gan. Ìyá rẹ ní ara ẹni ẹlẹ́ni kì í dun ni, kí nọ́ọ̀sì lọ rin tirẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀ jálẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí igi ọ̀gánwó tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ìwọ náà mọ igi yẹn, abẹ́ rẹ̀ lo ti kọ́ ìwé kíkà. Igi tó ga, tó tọ́, tí kò wọ́ níbì kankan! Àwọn onípákó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti wá ná an lọ́wọ́ mi, mo ní bí wọ́n bá fẹ́ gé e, kí wọ́n kọ́kọ́ gé mi. Ogójì ọdún ni mo fi fá ọ̀gánwó, mo fi ṣe ilẹ̀kùn, mo fi ṣe bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bí ìwọ gan-an sí, n kò mọ̀ pé òògùn ni mò ń fi ìgbálẹ̀ gbá dànù lójoojúmọ́. Ọmọdé ò moògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Èmi àgbàlagbà, pákó ni mò ń pè é. Bàbá àgbẹ̀ tó bá wa pààlà ló là mí lójú. Ọkùnrin yẹn ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ṣì ń gun òkè lọ sóko láìdúró mí. Ó ní omi èèpo ọ̀gánwó ni àṣírí òun. Ó ní ó ń lé ibà, ó ń mú kí oúnjẹ wu ènìyàn jẹ, ó sì ń rọ oríkèé ara bí ìgbà tí a bá ta epo sí híńjì ilẹ̀kùn. Epo sí híńjì! Ọ̀rọ̀ tó máa ń yé káfíńtà nìyẹn.

Mo bó èèpo tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sá a fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sè é títí tó fi pọ́n bíi tíì tí a kò fi mílíìkì sí. Ó korò! Korò kọ́ ló yẹ ká pè é. Bí o bá fi kan ahọ́n, wàá rántí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí o ti dá láti kékeré. Kí n tó fún ìyá rẹ, mo pè ọ́ lórí fóònù, o sì fariga. O ní ìyá rẹ ń lo hóró òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, n kò gbọdọ̀ da èèpo igi pọ̀ mọ́ ọn, pé a kò tíì mọ ohun tí omi yẹn ń ṣe nínú ara ènìyàn, kí n fi díẹ̀ ránṣẹ́ nínú ìgò kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Inú mi dùn gan-an. Mo ní ẹ wo ọmọ tí mo bí, ó ti di ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ wá igi lẹ́nu wò. N kò tilẹ̀ bínú pé o pariwo mọ́ mi. Mo fi ìgò ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ro ó dáadáa, mo rí i pé ìgò kì í ṣe ara ènìyàn. Ara ènìyàn lo sọ. Ara ènìyàn méjì péré ló sì wà nílé yìí, o ti ní a kò gbọdọ̀ lo ọ̀kan. Ni mo bá kúkú fi tèmi sílẹ̀. Mo ní kí n máa mu ún fún ìyá rẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí n máa kọ ohun tó bá ṣe sínú ìwé.

Fọ́ọ̀mù tó bá ìgò náà lọ, mo kọ ọ́ pé pérépéré, n kò fi àyè kankan sílẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè ọjọ́ orí, mo kọ pé igi náà ti wà níbẹ̀ kí bàbá mi tó kọ́lé. Níbi tí wọ́n ti béèrè ibùgbé, mo kọ ẹ̀yìn ilé ìdáná. Wọ́n béèrè bóyá ó ti ṣe ìgbéyàwó; mo ní òun nìkan ló dá wà, ṣùgbọ́n ó ní ọmọ wẹ́wẹ́ méjì lẹ́bàá ògiri. Wọ́n béèrè bóyá ó ti ṣàìsàn rí. Mo ní ìjì ṣẹ́ ẹ lápá lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì wo ara rẹ̀ sàn. Kí àwọn ọ̀gá rẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

O tún ní kí n fi fọ́tò orúnkún ránṣẹ́. Mo kọ ojú fóònù sí i bí o ṣe kọ́ mi, mo wo inú rẹ̀, ojú ara mi ni mo rí, imú mi fẹ̀ bí nǹkan míì. Mo pa á, mo tún un tàn, èmi náà ni. Mo wá gbà pé fóònù yìí gbọ́n, ó ti mọ ẹni tó ń mu òògùn. Mo kúkú ya orúnkún náà sínú ìwé fún ọ, iwájú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti bó ṣe rí láti òkè, pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n rẹ̀. Káfíńtà yòówù tó bá rí i lè kan irú rẹ̀. Ní ti iye mílílítà omi èèpo tí o ń béèrè, n kò ní irú òṣùwọ̀n yẹn. Mo ki téèpù bọ inú ife: ínṣì méjì ààbọ̀ láàárọ̀, ínṣì méjì nírọ̀lẹ́.

Ìyá rẹ kò fara mọ́ ọn rárá. Ó ní ọkùnrin tí kò ṣàìsàn tó ń mu òògùn aláìsàn, orí rẹ̀ kò pé. Lọ́jọ́ kìíní, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì abẹ́ igi, mo dijú, mo gbé e mì. Ìyá rẹ kígbe láti inú yàrá pé ṣé mo ṣì wà láyé. Mo ní mo wà. Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé òòlù ti ba etí mi jẹ́, aránṣọ náà sì wà lẹ́nu kàrà-kàrà rẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ kẹta n kò gbọ́ ọ mọ́. Ó pè, ó pè, n kò dáhùn. Nígbà tí mo wọlé, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó di férémù mú gírígírí, ó ń bú mi. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ti fi ọ̀pá dé ilé ìdáná. Ó ní òun kò wá rìn o, òkú ni òun wá wò.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Mo ti mu ti àárọ̀ tán, oòrùn tutù lára, mo fẹ̀yìn ti igi, bí oorun ṣe gbé mi lọ nìyẹn. Ife bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá rẹ yọjú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó rí i pé mo la ẹnu sílẹ̀, ife wà nílẹ̀. Ọmọ mi, àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, èmi ni mo kàn án, mo mọ bó ṣe ga tó. N kò mọ bó ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé omi tútù bá mi lójú, mo ta jí, ìyá rẹ dúró lé mi lórí pẹ̀lú korobá lọ́wọ́, ọ̀pá rẹ̀ wà lọ́hùn-ún nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní ṣé mo fẹ́ fi òun sílẹ̀ ni. Ó ní bí mo bá kú, ta ni kí òun máa bá jà. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì, ó sunkún, ìyẹn ni ìkarùn-ún. Èmi náà sun díẹ̀, má sọ fún ẹnikẹ́ni. A jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi lé wa wọlé. Mo fẹ́ràn ìyá rẹ, n kò mọ ìdí tí n kì í fi í sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti gbé ife, ó ti ń bọ̀ nìyẹn, ó ní òun kò ní mójú kúrò lára mi. Mo wọn ọ̀nà náà: láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ńṣì, fíìtì mẹ́rìndínláàádọ́ta, àlọ àti àbọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo sì ń fi téèpù yí orúnkún rẹ̀ ká. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ínṣì mẹ́tàdínlógún ààbọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́tàdínlógún géérégé. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mẹ́rìndínlógún. Lánàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ààbọ̀! Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kán kan kò kọjá ọ̀fun rẹ̀ o, hóró òògùn tí dókítà kọ fún un nìkan ló ń lò, mo gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Orúnkún tèmi tí mò ń mu ún ńkọ́? Mo wọn òun náà. Kò kúrò níbi tó wà, ìyẹn ló jẹ́ kó dá mi lójú pé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ ni gbogbo agbára òògùn náà ń gbà lọ. Irú igi wo rèé! Ọkọ mu ún, aya sàn! Bàbá àgbẹ̀ pàápàá kò mọ̀ pé ó lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì dé lọ́jọ́rú, ó bá ìyá rẹ níbi tó ti ń sá aṣọ, ẹnu yà á. Mo ṣàlàyé fún un bí omi èèpo ṣe ń ti ara ọkọ dé ara aya. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó nu ojú, ó ní òun kò ní kó sí wa láàárín, ṣùgbọ́n kí n dín tèmi kù sí ìwọ̀nba, kí n tó ba inú ara mi jẹ́. Obìnrin gidi ni. Mo ti dín in kù sí ìdajì ínṣì.

Nítorí náà, má fi mọ́tò ránṣẹ́ mọ́. Ìyá rẹ ní òun kì í ṣe ẹrù, ẹsẹ̀ òun ni òun máa fi rìn dé ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra, òun máa wá wò ọ́ fúnra òun. Bàtà ló ní kí o rà fún òun. Èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eku ti jẹ ẹ́. Ó ní kó má ṣe jẹ́ sálúbàtà inú ilé o, bàtà tí ìdí rẹ̀ le, tó lè rin ọ̀nà jíjìn. Mo wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ínṣì mẹ́sàn-án ààbọ̀. Fi owó díẹ̀ sí i fún téèpù tuntun, tèmi ti ń pa nọ́ńbà rẹ́ láàárín ínṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́tàdínlógún. Má fi owó náà sínú fóònù, mo bẹ̀ ọ́: ìdérí ẹ̀yìn fóònù mi ti là, rọ́bà ni mo fi dè é, kí owó má lọ jábọ́ lọ́nà. Fi í sínú àpò ìwé kí awakọ̀ mú un wá.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, òun ló sì wúwo jù. Bí èsì ìgò náà bá jáde, tí àwọn ọ̀gá rẹ ní kò sí nǹkan kan nínú omi èèpo yìí, jọ̀wọ́, má jẹ̀ẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́. Ó ti ń ṣọ́ èsì yẹn. Ó ní lọ́jọ́ tí ìwé bá ti sọ pé kò wúlò ni òun máa da ìkòkò náà nù kí n lè sinmi. Bí n kò bá sì mu ún mọ́, kí ni yóò máa mú un rìn? Ó korò o, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu, bí ẹ̀mí bá ṣì wà, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, èmi ni n ó máa mu ún fún un.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o rí ibi. Yóò fún ọ ní ẹni tó lè gbé ohun kíkorò mì nítorí rẹ, tí ìwọ náà yóò lè ju ọ̀pá sílẹ̀ sáré tọ̀ lọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.