Nọ́ńbà Pálọ̀ Wa Ló Wà Nínú Ìwé Rẹ

Àbúrò mi,

Má gbé fóònù pálọ̀ kí o tó ka èyí tán. Nọ́ńbà tí o fún ọ́fíìsì tó ń ka ìbò nínú ìwé rẹ, nọ́ńbà ilé wa ni. Ṣé o ò rí òmíràn fi sí i ni?

Ìwé rẹ ti gbòde. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni àwọn tó kà á ti ń pè. Awakọ̀ kan ní kí n má jẹ́ kí wọ́n búra wọlé fún olè inú ìtàn rẹ yẹn. Tíṣà kan bú mi torí akọ̀wé tí o pa nínú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé omi tíì gbẹ lórí iná. Má bínú, mo ti sọ ara mi di alága ọ́fíìsì ọ̀hún.

Màmá àgbà kan ló pè kẹ́yìn. Ó ní òun mọ̀ pé ìtàn ni, pé ìwòyí ọdún mẹ́wàá sí i tí o kọ nípa rẹ̀ lè má bá òun láyé, àmọ́ kí ẹnì kan ṣáà sọ fún òun pé wọ́n máa ka ìbò òun. Mo ní, "A máa kà á, mà."

Àwọn aláìsàn wọ́ọ̀dù mi ń dúró dè mí ní ọsibítù. Ilẹ̀ ti mọ́, dìde, bẹ̀rẹ̀ ìwé kejì, kí o sì ka ìbò màmá yẹn sínú rẹ̀. Mo ti ṣèlérí.