Lẹ́tà Méjì Lára Ẹyin

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá

Ìyá Pelkey kì í sọ̀rọ̀ kí ó tó yẹ ẹyin wò. Aago mẹ́fà àárọ̀, ó ti gbé agbọ̀n dé láti ilé adìyẹ. Ó jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, ó tan gílóòbù tó wà nínú páálí bàtà kan, páálí tó ti dá ihò kékeré lu lára. Ó gbé ẹyin kan sẹ́nu ihò náà. Ó yí i. Ó dúró. Ó tún yí i. Bí inú ẹyin bá mọ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu èèpo rẹ̀, ó yọ pẹ́ńsù tó há sẹ́yìn etí, ó kọ L.P. sí ibi tó sanra jù lára rẹ̀. Lorena Pelkey. Ẹsẹ̀ L máa ń gùn lọ sábẹ́ P, bí ẹni tó na ẹsẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Ẹyin tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ajá ló ń jẹ ẹ́.

Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí n tó lè bi í pé kí ló dé tó fi ń fọwọ́ sí ẹyin. Ó ní, "Ohun tí mo bá rí ni mò ń fọwọ́ sí. Èyí tí mi ò rí, kò kàn mí."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní yàrá ìdánwò Haskin-Bray, ilé iṣẹ́ ìbọn ìléwọ́ tó wà nísàlẹ̀ odò. Ìbọn kan, ọta mẹ́ta ló máa ń yìn. Ó ṣa ìkarahun ọta kan nílẹ̀, èèpo irin tó máa ń já bọ́ lẹ́yìn ìyìn, ó fi sínú àpò ìwé kékeré, ó kọ L.P., ó kọ ọjọ́, ó jù ú sínú páálí ìbọn yẹn. Kò sí ilé ní Tarbell yìí tí kò ní L.P. nínú dúrọ́ọ̀. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn ará ìlú ńlá ra ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n fún un ní aago ògiri, wọ́n ní kó máa lọ sinmi. Aago náà kò ṣiṣẹ́ rí.

Èmi — ayálégbé rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àtúnṣe ìbọn, ọdún kìíní. "Dakota" ni wọ́n ń pè mí, torí ibẹ̀ ni mo ti wá. Maren ni mò ń jẹ́. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà gbàgbé.

Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kẹwàá

Òjò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo la ẹnu lónìí. Kọfí ni mo fi méjì rà.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹwàá

Obìnrin kan gbé ìbọn nínú páálí rẹ̀ wá sí ibi àtúnṣe ní ilé ẹ̀kọ́. Ardith Coombs, ó ń sin àgùntàn lórí òkè. Ọwọ́ bí awọ bàtà, ẹnu bí àáké. Haskin-Bray tuntun ni, kò tíì pé oṣù mẹ́jọ tó rà á, ó sì ti dá a padà fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án: ó bọ̀ pẹ̀lú bébà tó ní "Ó wà ní ìwọ̀n tó yẹ." Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá: bébà kan náà, bóòtù kékeré kan sì ti sọnù lára ìbọn.

"Mo rán an lọ pẹ̀lú àìsàn kan, ó gbé méjì bọ̀," ó ní. "Irú ilé ìwòsàn wo nìyẹn?"

Àìsàn náà rèé: bí o bá ti ìdènà rẹ̀, irin tí kì í jẹ́ kó dún, tí ìka rẹ sì ṣèèṣì fa irin ìyìnbọn, kò ní ṣe nǹkan kan. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá wá ṣí ìdènà náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, á dún fúnra rẹ̀. Ó dún nínú ilé ìdáná Ardith. Ọta la àpò ọ̀dùnkún kọjá, ó wọ ògiri lọ. "Ajá mi ò wọ ilé ìdáná mọ́. Èmi náà, bí kì í bá ṣe ebi, mi ò ní wọ̀ ọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Sawtelle, olùkọ́ wa — Bàbá Fáìlì ni mò ń pè é níbí, torí fáìlì tó fi ń fá irin kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ — yọ gbogbo ọta, ó dán an wò. Ó tì í. Ó fà á. Ó ṣí i. Kà! Òòlù ìbọn ṣubú láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ardith bi mí níbi tí mò ń gbé. Mo ní ọ̀dọ̀ Ìyá Pelkey. Ó wo páálí ìbọn, ó wò mí. Ó jáde láìdágbére.

Kí ni mo ṣe?

Ẹtì, 11 Oṣù Kẹwàá

"Dakota, ìwọ lo máa pè wọ́n." Bàbá Fáìlì mọ̀ pé mo kórìíra fóònù. Bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínláàádọ́ta. Olóhùn Oyin — ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ènìyàn — ń sọ fún mi ṣáá pé oníbàárà pàtàkì ni mí. Nígbà tí ènìyàn wá gbé e, ó ń jẹ nǹkan lẹ́nu. Ṣé a ti ka ìwé ìlò? A ti kà á. Ṣé a ti nu ìbọn náà? A ti nù ún. Mo ní ó dún nínú ilé ìdáná. Ó gbé ohun tó ń jẹ mì. "Ẹ gbọ́, mà. Kò sí ìbọn tó ń kúrò lọ́dọ̀ wa láìjẹ́ pé ènìyàn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yìn ín wò. Ẹ wo inú páálí yín. Ìfọwọ́sí ẹni náà wà níbẹ̀."

Mo ní ẹ ṣé. Kí ló dé tí mo ní ẹ ṣé?

Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹwàá

Oúnjẹ alẹ́ ìjọ: ẹ̀wà àti búrẹ́dì dúdú. Ìyá Pelkey mú mi lọ. "Ẹni tí kò bá jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú wa, ipò àlejò ló máa kú sí." Ardith Coombs gbé àwo rẹ̀ bọ̀, àga kan ṣoṣo tó ṣófo, iwájú wa ni. Ó rí wa. Ó yí padà, ó lọ dúró jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù.

Ìyá Pelkey ní, "Bóyá kò rí mi."

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kó tó tún sọ̀rọ̀: "Àga yẹn, ọgbọ̀n ọdún ló ti ń jókòó síbẹ̀."

Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Kẹwàá

Lónìí ni mo ṣí páálí ìbọn Ardith dé ìdí. Àpò ìwé kékeré wà lábẹ́ fóòmù. L.P. Ẹsẹ̀ L na sábẹ́ P. Mo rẹ́rìn-ín ná, bí ẹni tó pàdé ará ilé lójú ọ̀nà àjò. Mo wá ka ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Oṣù Kejì ọdún yìí.

Ọdún mẹ́rin ló ti kúrò níbẹ̀. Àbí? Bàbá Fáìlì ní wọ́n máa ń pe àwọn àgbà padà nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Ohun tí Ardith rò nìyẹn: pé Ìyá Pelkey ló yin ìbọn yìí, tó rí àìsàn rẹ̀, tó fọwọ́ sí i. Oṣù Kejì, mi ò tíì dé Tarbell. Mi ò lè búra.

Mo bẹ Bàbá Fáìlì kí a yin ìbọn náà lẹ́ẹ̀kan ní yàrá ìyìnbọn abẹ́ ilé. Abẹ́rẹ́ ìbọn tó ń gún ìdí ọta dà bí ìka ọwọ́, ìbọn méjì kì í tẹ àmì kan náà. Mo fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ìkarahun tiwa: abẹ́rẹ́ náà gún ìdí rẹ̀ lápá òsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Mo wo ti inú àpò: àárín gbùngbùn. Ìbọn mìíràn ló yìn ín. Ìbọn Ardith yìí, kò sẹ́ni tó yìn ín wò rárá.

Mo gbé awò fún Bàbá Fáìlì. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó gbé fáìlì rẹ̀ sílẹ̀ — ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i. "Dá a padà sínú páálí, Dakota. Haskin-Bray ló ra ẹ̀rọ tí o fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn ló máa gba méjì nínú yín síṣẹ́ ní oṣù Kìíní. Orúkọ rẹ wà nínú méjì yẹn."

Mi ò mọ̀ pé ó mọ orúkọ mi.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kẹwàá

Mo tú kọ́bọ́ọ̀dù àtúnṣe. Haskin-Bray mẹ́ta mìíràn, gbogbo wọn ti ọdún yìí. Àpò mẹ́ta. L.P., L.P., L.P. Mo kó wọn mọ́ ti Ardith, mo gbé wọn lé ara wọn lójú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ là wọ́n kọjá. L.P. mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ẹyọ kan. Ìlà kan ò yà kúrò lórí ìkejì. Òǹtẹ̀ ni. Wọ́n ti gbẹ́ ìfọwọ́sí Ìyá Pelkey sára rọ́bà.

Láàárọ̀ yìí ẹyin mọ́kànlá ló fọwọ́ sí. Mo wò wọ́n dáadáa. Kò sí méjì tó jọra.

Ẹtì, 18 Oṣù Kẹwàá

Mi ò lè wo ẹyin lójú. Ìyá Pelkey bi mí bóyá ó rùn.

Àìkú, 20 Oṣù Kẹwàá

Ẹnu mi ò gbà á. Mo kó àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí bàtà kí Ìyá Pelkey tó dé láti ilé adìyẹ, mo sì jókòó bí olè tí wọ́n ti mú.

Ojú rẹ̀ tàn nígbà tó rí wọn. Èyí ló burú jù. "Ṣé o rí ọmọ yìí! Níbo lo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ mi?" Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀kan sẹ́nu ihò, bí ẹyin. Ó yí i. Ó dúró.

"Oṣù Kejì," ó ní. "Oṣù Kejì, mo ti ṣubú lórí yìnyín. Wọ́n de ọwọ́ ọ̀tún mi láti ìka dé ìgúnpá. Ẹyin gan-an, mi ò rí i kọ."

Ó bi mí ohun tí ìbọn náà ṣe. Mo sọ fún un: ìdènà, ọ̀dùnkún, ògiri, ajá. Ó ní, "Ti ta ni?" Mo ní ti Ardith.

Ó gbé àpò náà sílẹ̀. "Tì í, fà á, ṣí i, fetí sílẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mò ń ṣe nìyẹn, kí n tó fi ọta kan sínú rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ìgbà, Maren. Obìnrin yẹn wá rò pé mo fetí sílẹ̀, mo gbọ́, mo sì fi orúkọ mi sí i."

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Kẹwàá

Ó yẹ ẹyin wò. Kò kọ nǹkan kan sí wọn. Wọ́n wà nínú agbọ̀n, funfun báláú, bí orí ọmọ tuntun. Pẹ́ńsù kò sí lẹ́yìn etí rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kẹwàá

Mi ò lọ sí kíláàsì. Mo fẹsẹ̀ gun òkè lọ bá Ardith. Wákàtí kan ààbọ̀, mò ń ka ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sókè fún àwọn igi. Nígbà tí mo débẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti fò lọ. Mo kàn na àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i. "Ẹ gbé wọn lé ara wọn. Ẹ fi oòrùn wò wọ́n."

Ó wò ó. Àgùntàn ń jẹun yí wa ká. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tí mi ò ní kọ síbí. Lẹ́yìn náà: "Tí wọ́n bá ta ìbọn burúkú fún mi, màá bínú, màá gbàgbé. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí n jẹ ẹ̀wà ní ìdúró nítorí Lorena." Ó fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi sọ̀ kalẹ̀. Ó wọlé láìkanlẹ̀kùn. Ó ní, "Lorena, òmùgọ̀ ni mí." Ìyá Pelkey ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Jókòó." Mo bọ́ sí yàrá mi kí wọ́n lè sunkún bí wọ́n bá fẹ́. Ẹ̀rín ni mo gbọ́.

Ọjọ́rú, 23 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀gá tuntun ní Haskin-Bray máa ń gba àwọn ará ìlú lálejò ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá. Ìwé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìfìwéránṣẹ́, oòrùn ti pa á. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń lọ. Àwa ń lọ. Ohun méjì la fẹ́: kí wọ́n fọ́ òǹtẹ̀ náà lójú wa, kí wọ́n sì pe gbogbo ìbọn tí òǹtẹ̀ náà wà nínú páálí rẹ̀ padà wálé.

Mo rò pé Ìyá Pelkey ló máa sọ̀rọ̀. Ó ní rárá. "Èmi á figbe ta, wọ́n á ní arúgbó ń ṣarán. Ardith á bú wọn, wọ́n á pe ọlọ́pàá. Ìwọ lo fojú rí i. Ìwọ ni kí o sọ ọ́." Mo ní mi ò lè sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣebí o sọ ọ́ fún àgùntàn."

Mo sọ fún Bàbá Fáìlì, torí kò yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Kò ní kí n lọ. Kò ní kí n má lọ. Ó ní tí mo bá lọ, òun ò lè fi orúkọ mi sílẹ̀ fún oṣù Kìíní. Mo ní mo mọ̀. Ó fi àkísà nu awò tirẹ̀, èyí tí kì í yá ẹnikẹ́ni, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Dá a padà fún mi ní Ẹtì, Maren."

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, Ìyá Pelkey fi pẹ́ńsù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo mi. Ó ní òun á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀ nígbà tí òǹtẹ̀ yẹn bá ti fọ́. Títí dìgbà náà, kí ẹlòmíràn máa fọwọ́ sí ẹyin ilé yìí.

Lọ́la: bàtà tó gbẹ. Àpò mẹ́rin, ìkarahun ọta méjì, awò. Kí n sọ̀rọ̀ láìwo ilẹ̀. Kí n má sọ pé ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ṣáájú gbogbo rẹ̀, aago mẹ́fà, màá gbé ẹyin sẹ́nu ihò, màá yí i, màá dúró, èyí tí mo bá rí pé inú rẹ̀ mọ́, màá kọ M.T., orúkọ tèmi, sí i. Mo ti ń dán an wò lẹ́yìn ìwé yìí láti ìrọ̀lẹ́. Mi ò fẹ́ kí méjì jọra.