Wọ́n Ní Nẹ́ṣì Ti Kú

Enoch ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́ láti orí òkè wa tí yìnyín bò. Kí Olúwa má jẹ̀ẹ́ kí èéfín Lọ́ńdọ̀nù wọ̀ ọ́ láyà, kí bàtà rẹ má jò, kí ojú ọ̀gá rẹ máa rẹ́rìn-ín sí ọ. Lettie ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ibi tó bá ti ṣì í kọ, òun ni kó o bá wí, torí èmi ò ṣì í sọ. Àgùntàn méjì ti bímọ, òrùlé ilé ẹlẹ́dẹ̀ ti jìn, ara gbogbo wa le.

Ọ̀rọ̀ tiwa yẹn ò tíì tán o. Nígbà tó o kọ̀wé lóṣù tó kọjá pé ibi iṣẹ́ yín tí ẹ ti ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ sínú ìwé ńlá ti dé orí ọ̀rọ̀ wa nẹ́ṣì, pé ẹ fẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti kú, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́, ṣe ni mo jókòó. Ta ló pa á? Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo pe ẹlẹ́dẹ̀ wa ní nẹ́ṣì nígbà tó kọ̀ tí ò jáde. Ìwọ náà ńkọ́, tí atẹ́gùn bá fẹ́ fẹ́ẹ́ báyìí, o ti ń gbọ̀n, o ti ń wá abẹ́ ṣọ́ọ̀lù mi sá sí, kí ni mo ń pè ọ́? Nẹ́ṣì náà ni, ẹni tí ò lè fara da òtútù. Ìyá ìyá mi ló fi ń bú wa.

Lettie ní ẹlẹ́rìí lẹ ń wá, pé kí ọ̀rọ̀ tó lè wọ ìwé yín, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó lò ó, ọdún tó lò ó, àti ìwé tó wà. Mo ní ṣé ọ̀rọ̀ ọ̀hún jalè ni? Ṣùgbọ́n mo ní kó mú ìwé pélébé tó o fi ránṣẹ́, kó kọ gbogbo ẹ̀ dáadáa. Ẹni tó lò ó: Keziah Bagshaw, opó Reuben. Ọjọ́ tó lò ó: Túsìdeè, kó tó jẹun. Ìwé tó wà: kò sí, ẹnu ọ̀nà ilé ẹlẹ́dẹ̀ ni.

Àfi bó o ṣe dá a padà! O ní ọ̀gá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé yín ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu, èyí tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ lẹ ń fẹ́. O ní ẹlẹ́rìí tẹ́ ẹ rí kẹ́yìn, akéwì kan tó ti kú láti igba ọdún ni, àti pé tí ẹ ò bá rí òmíì kó tó di Ọdún Àjíǹde, ìwé á ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ti jẹrà lẹ gbà, èmi tí mò ń mí lẹ lé padà.

Mo lọ bá àlùfáà kó bá mi fi sínú ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ọ̀rọ̀ ilé ẹran ni, bíṣọ́ọ̀bù ń ka ìwé yẹn. Mo kúrò níbẹ̀, mo yà sọ́dọ̀ Josiah Frith tó ń gbẹ́ òkúta sàréè, torí òkúta bàbá rẹ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹsẹ Bíbélì tí àlùfáà mú fún un, mo ní kó fi sílẹ̀. Mo ní kó gbẹ́ orúkọ bàbá rẹ síbẹ̀, kó gbẹ́ ọdún yìí, kó wá gbẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀ gàdàgbà pé KÒ YA NẸ́ṢÌ RÍ. Josiah ní ṣé àlùfáà mọ̀ sí i? Mo ní ṣé àlùfáà ló máa sùn sábẹ́ ẹ̀ ni? Ó rẹ́rìn-ín títí òòlù fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Irọ́ sì kọ́ o. Nígbà tí bàbá rẹ ń wá mi kiri, inú yìnyín ló ti ń wẹ̀ lódò kí n lè rí i. Mo rí i.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àlùfáà kà á lórí sàréè, ojú ẹ̀ pọ́n bí ata. Ó ní ta ló gbà wá láyè. Josiah ní kó fi irọ́ tó wà níbẹ̀ han òun. Àlùfáà de bọ́tìnnì kóòtù ẹ̀ títí dé ọrùn, ó yára wọlé kúrò nínú òtútù, mo sì sọ ohun tó jẹ́ fún un kó tó wọlé.

Ẹlẹ́rìí yín ti dé nìyẹn o, Enoch. Lettie ti mú gègé láti dà á kọ sórí ìwé pélébé yín, mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀gá rẹ gbọ́dọ̀ rán ẹnì kan wá fojú ara ẹ̀ rí i, kó má di pé obìnrin abúlé kan ń purọ́. O ò tíì wálé látìgbà tá a ti sin bàbá rẹ. Gbogbo ìgbà lo máa ń ní iṣẹ́ ò jẹ́. Iṣẹ́ rèé.

Bá mi ra tíì dání, tó dúdú dáadáa, kó o sì wá fún mi lówó díẹ̀ kí n fi tún òrùlé ẹlẹ́dẹ̀ ṣe. Mo ti ń tọ́jú búrẹ́dì ọkà óòtù pẹlẹbẹ tó o fẹ́ràn. Kí Ọlọ́run tó mọ ọ̀nà mú ẹsẹ̀ rẹ dé ibí ní gbígbẹ, kó fún ọ níyàwó tó lágbára, àmín.

Tó bá sì jẹ́ ẹlòmíì ni ọ̀gá rẹ rán wá, màá ní mi ò mọ ibi tá a sin ọkọ mi sí.

Èmi ìyá rẹ,
Keziah