Yàrá Tí Eku Gbà Lọ́wọ́ Bàámi

Bàámi ọ̀wọ́n,

A ti wó yàrá yín. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún yín, bó bá jẹ́ pé ẹnìkan ń mú ìròyìn wá bá yín níbi tí ẹ wà. Yàrá alámọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé adìẹ, lọ́nà abúlé Languibonou, èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́ nígbà tí ẹ fi ìsọ̀ aṣọ sílẹ̀ lọ́jà ìlú Bouaké, tí ẹ ní adìẹ lẹ máa sìn. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ má tíì bínú. Ẹ jẹ́ kí n rò ó délẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan nǹkan kan nínú yàrá yẹn. Àga yín wà níbẹ̀, bàtà oko yín wà níbẹ̀, fìlà yín wà lórí ìṣó, àpò oúnjẹ adìẹ sì tò kan àjà bí ẹ ṣe máa ń tò ó. Ìyá á wọ takisí-mótò láti ilé wa ní Gonfreville lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọn á wá jókòó sórí àga yín, wọn ò ní ṣe nǹkan kan. Nígbà mìíràn mo máa ń yọjú lójú fèrèsé, màá rí i pé ètè wọn ń mì, màá sì padà sẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti lọ, èmi náà á wọlé, màá gbóòórùn fìlà yín. Òógùn, èérí àgbàdo, àti róòbù tí ẹ fi ń pa orúnkún. Ṣé ẹ mọ̀ pé báyìí la ṣe ń pín yín, tí a sì ń fi í pamọ́ fún ara wa?

Àwọn eku náà wà níbẹ̀. Ẹ mọ̀ wọ́n. Bí ẹ bá ń jẹ búrẹ́dì, ẹ máa ń ju èérún rẹ̀ sí igun, Kọ́nàǹ tó ń bá wa tọ́jú adìẹ, tó máa ń fi Viyé pè yín bí àgbà, á sì máa mi orí.

“Viyé, olè lẹ ń bọ́ yẹn o.”

“Ohun tó bá já sílẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Ẹni tó ń báni gbé kì í ṣe olè.”

Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń dá a lóhùn. Ẹ ò sì jẹ́ kó fi májèlé eku sílẹ̀ rárá, kí adìẹ má baà ṣà á jẹ.

Lásìkò òjò tó kọjá, àwọn adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí ṣubú. Wọ́n ń ṣu omi, ìyẹ́ wọn wọ́lẹ̀, ojú wọn dì. Ohun tí ẹ kọ́ mi ni mo ṣe. Mo bu ìyẹ̀fun oògùn aláwọ̀ ìyeyè yẹn sínú omi wọn, mo rò ó títí tó fi dà bí omi ọsàn. Láti kékeré ni mo ti ń bá yín rò ó. Bí adìẹ kan bá wúkọ́, a ó bù ú sí i. Bí ìkankan ò bá wúkọ́, a ó bù ú sí i kí wọ́n má baà wúkọ́. Láyé yín, wọ́n máa ń dìde. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò dìde. Mo fi kún un, kò ràn wọ́n. Èmi àti Kọ́nàǹ wá ń gbẹ́ kòtò láàárọ̀, à ń gbẹ́ ẹ nírọ̀lẹ́. Apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí a bá gbé lọ, Kọ́nàǹ á ní, “Yàkó,” bí wọ́n ṣe máa ń kí ọlọ́fọ̀ níbí, àfi bíi pé èèyàn la lọ sin.

A fọ ilé adìẹ náà mọ́lẹ̀ mọ́ ògiri, a fi jafẹ́ẹ̀lì, omi tó ń pa kòkòrò, fọ̀ ọ́, a sì fi í sílẹ̀ lófìfo títí ọyẹ́ fi dé. Mo wá ra ọmọ adìẹ tuntun láti ibi tó jìnnà. Ara wọn le, wọ́n ń sáré kiri. Nígbà tó yá, àìsàn kan náà tún mú wọn. Bàámi, báwo ni àìsàn ṣe ń dúró deni nínú ilé tí kò sí nǹkan kan?

Mo lọ pe dókítà ẹran, obìnrin kan tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Kò pẹ́ nídìí adìẹ. Ó béèrè ibi tí oúnjẹ wọn wà, mo sì ṣílẹ̀kùn yàrá yín fún un. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tan iná sí àjà. Ó ní kí n jẹ́ kí òun dẹ tàkúté síbẹ̀, ó sì kó àwọn eku tó mú àti ìgbẹ́ adìẹ lọ fún àyẹ̀wò.

Ọjọ́ tó padà wá, Ìyá wà níbẹ̀. Dókítà ẹran ń sọ Faransé, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá.

“Ilé adìẹ lẹ fọ̀, ẹ ò fọ eku.”

Ó ní kòkòrò àrùn tó wà nínú adìẹ náà ló wà nínú eku, oògùn tí kò sì ran tibí ni kò ran tọ̀hún. Oògùn tí à ń bù sómi lójoojúmọ́ ti pa àwọn kòkòrò tó rọ̀, ó ṣẹ́ku àwọn olóríkunkun. Eku ń mu nínú omi yẹn, wọ́n ń jẹ lára ìdọ̀tí adìẹ, wọ́n sì ń ṣu sínú oúnjẹ. Nígbà tí ilé ṣófo, àwọn ni wọ́n bá wa tọ́jú àìsàn náà pamọ́.

“Tí ẹ bá pa àwọn wọ̀nyí, tí yàrá yìí ṣì wà, òmíràn á wá.”

Ìyá ò gbójú sókè. “Sọ fún un pé ọkọ mi ló kọ́ ọ.”

Mo sọ fún un. Òun náà ní yàkó. A fi yàrá sílẹ̀ bó ṣe wà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ibà dá Ìyá dùbúlẹ̀. A gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n lo oògùn kan, ibà ò lọ. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ibà ò lọ. Dókítà wá bi mí pé irú iṣẹ́ wo là ń ṣe nílé, mo ní adìẹ là ń sìn. Ó ní kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, oògùn púpọ̀ ni kò ràn án mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣì kù tí àwọn lè gbìyànjú. Kò lè sọ pé oko wa ni wọ́n ti kó o. Kò sì lè sọ pé kì í ṣe ibẹ̀.

Mo bínú sí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn yẹn, Bàámi. Láti ọjọ́ tí ẹ ti kú, mi ò tíì bínú sí yín rí. Ó sì wá dà bíi pé ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, bí ìgbà tí ẹ wà láyé tí a máa ń jiyàn. Ta ló sọ fún yín pé ìyẹ̀fun yẹn ò lè pani lára? Bí ẹ bá ti mọ̀ ni, ṣé ẹ máa fi í sílẹ̀? Mo mọ̀ pé ẹ ò kàn fẹ́ kí nǹkan kan kú lójú yín ni.

Oògùn tó kù yẹn ràn wọ́n. Wọ́n rù gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n padà wálé.

Nígbà tí wọ́n tún lè rìn díẹ̀, wọ́n ní kí n gbé wọn lọ sóko. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lọ jókòó ni. A ò rí fìlà yín lórí ìṣó. Láàárín àpò oúnjẹ ni Ìyá ti rí i. Eku ti ya á, wọ́n fi ṣe ìtẹ́, ọmọ wọn tí kò tíì hurun wà nínú rẹ̀. Ìyá wò ó pẹ́. Wọ́n rọra gbé e padà sílẹ̀.

“Kì í ṣe ọkọ mi ló ń gbé ibí mọ́. Ẹ wó o.”

Kọ́nàǹ lọ mú dígà. Ìyá dúró nínú oòrùn títí ògiri tó kẹ́yìn fi wó, wọn ò gbà kí n gbé àga wá fún wọn. Eku ń sá jáde, àwọn ará oko tó wà nítòsí ń fi igi lù wọ́n. A dáná sun igi àjà.

Bíríkì la fi kọ́ ibi oúnjẹ tuntun, lápá kejì ọgbà, a sì fi páànù bo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀. Mi ò bu oògùn sómi mọ́ àfi tí dókítà ẹran bá ní kí n bù ú. Ọmọ adìẹ tuntun ti dé. Díẹ̀ kú nínú wọn, àwọn yòókù ń dàgbà. Bí ọ̀kan bá wúkọ́, ọwọ́ ṣì máa ń yún mi.

Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Látìgbà tí ẹ ti lọ, bí mo bá ti dé oko, ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn ni mo ti máa ń kúnlẹ̀ kí yín, kí Kọ́nàǹ tó rí mi. Láàárọ̀ òní mo dé, ilẹ̀ gbalasa ló wà níwájú mi, mi ò mọ ibi tí mo máa kọjú sí. Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo dúró sí. Mo ní, ẹ káàárọ̀, Bàámi. Àwọn adìẹ ń pariwo wọn lọ.

Èmi ni o,
ọmọbìnrin yín tó ṣì ń fetí sílẹ̀.